Ẹ̀yin Ará Ọ̀tà, Ẹ Jẹ́ Kí Á Bèèrè Ọ́síjìn

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ní Sángo, Ìjòkó, Àtàn àti Ojú-Òrè, ẹ̀yin ọmọ Àwórì àti gbogbo ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé wá síbí, ọ̀rọ̀ èémí ọmọ wa ni mo bá wá.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ti mí hẹlẹhẹlẹ lóru rí mọ bí ojú ṣe ń pọ́nni. Ẹ ka èémí náà nígbà tí ọmọ kò bá sunkún. Ọmọ tó ti pé oṣù 2 àmọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, bó bá mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, ewu ti dé. Fún ọmọ ọdún kan sí 5, ìgbà 40 ni. Bí abẹ́ ìhà bá ń wọnú, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí ètè ń dúdú, ilé ìwòsàn lẹ́yẹ-ò-sọkà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ àgbo tàbí àdí sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ.

Bí òbí bá sáré dé ilé ìwòsàn ńkọ́, tí kò sí ọ́síjìn níbẹ̀? Àwọn tó ń fi iná gé irin lẹ́bàá títì ní sílíńdà ọ́síjìn. (Tiwọn kì í ṣe fún ọmọ o, ẹnikẹ́ni má dán an wò.) Ó yẹ kí èyí tó wà fún èèyàn náà súnmọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ọmọdé láti Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fálàdé wà lára wọn, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ọsirélíà ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 12 nílẹ̀ Yorùbá. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ níka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe tó lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní lílò rẹ̀, àwọn ọmọ tó nílò ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀rọ tí àtẹ́lẹwọ́ gbà ni!

Ti ikọ́ fée náà ń kó ìdààmú bá wa. Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn tó ń ṣe Ventolin tí àwọn tó ní ikọ́ fée ń fà símú, tó sì ti ní ilé-iṣẹ́ ní Agbára nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Owó Ventolin fò sókè, apá ọ̀pọ̀ òbí kò sì ká a mọ́.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè (CDA) àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan èèyàn mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ wọn kí oṣù yìí tó parí. Ẹ bèèrè pé: ẹ̀rọ ìka dà? Ọ́síjìn dà? Ventolin ńkọ́? Bí ọmọ bá dé láago méjì òru, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, òun kọ́ ló ń ra ẹ̀rọ. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ gbé e tọ kánsẹ́lọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà lọ. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin pẹ̀lú. Èéfín wọn ń wọ yàrá tí ọmọ wa ń sùn; kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ilé ìwòsàn kan tọ́jú. Ẹ̀tọ́ la ń bèèrè, a ò tọrọ báárà. Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti onímárúwá, ẹ bá àdúgbò yín ṣàdéhùn ta ni wọn yóò pè lóru.

Níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti gbé e kalẹ̀, kí ọ̀rọ̀ owó tiransifọ́mà tó bẹ̀rẹ̀.