Òfin wà, ajá ṣì jìyà: Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ Envigo

Ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, ó yẹ kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ Envigo mu, èyí tó ń sin ajá beagle tẹ́lẹ̀ ní agbègbè Cumberland, ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì ń tà wọ́n fún àwọn tó ń fi ẹranko ṣe ìwádìí.

Kì í ṣe pé Amẹ́ríkà kò ní òfin. Láti ọdún 1966 ni òfin tó ń dáàbò bo ẹranko ìwádìí ti wà níbẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn alábẹ̀wò ìjọba rí i pé ọmọ ajá tó lé ní 300 ti kú láàárín oṣù mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó pa wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n padà lọ, wọ́n tún kọ. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò fi oúnjẹ sẹ́nu ajá. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ìjọba tó gba kóòtù lọ, tí wọ́n kọ́kọ́ kó ajá 145 tí ìnira wọn le jù jáde. Ní oṣù Keje, adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó àwọn yòókù, nǹkan bí 4,000, fún àwọn tó máa wá ilé fún wọn. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn ìyà ajá àti ti omi ẹ̀gbin. Owó tó ní láti san lé ní mílíọ̀nù 35 dọ́là.

Ajá rí ẹni gbà á, eku ńkọ́? Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2002 yọ eku àti ẹyẹ tí wọ́n sìn fún ìwádìí kúrò lábẹ́ ààbò òfin 1966. Bẹ́ẹ̀ eku ló pọ̀ jù nínú ẹranko tí wọ́n ń lò. Àwọn tó ń gba owó ìwádìí ìlera lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà mìíràn tó kan eku, ṣùgbọ́n kò de iléeṣẹ́ aládàáni tí kò gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní bí a kò bá lo ẹranko, ṣé èèyàn ni ká kọ́kọ́ dán oògùn wò lára rẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1959 ni Russell àti Burch, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fèsì: bí ọ̀nà mìíràn bá wà, ẹ lò ó dípò ẹranko, bí kò bá sí, ẹ dín iye wọn kù, èyí tí ẹ bá sì lò, ẹ dín ìrora rẹ̀ kù. Ẹranko tí ebi àti àìsàn ń bá fínra, èsì tó bá ti ara rẹ̀ jáde kò ṣeé gbára lé, ẹni tó ń lo oògùn ló sì máa fara gbá a.

Ohun tó kù fún Amẹ́ríkà láti ṣe ni pé kí ìjìyà tètè máa tẹ̀lé àkọsílẹ̀ àwọn alábẹ̀wò, kí òfin sì ka eku mọ́ ẹranko. Gbígbó ajá ni aráyé gbọ́; eku náà mọ ìrora.