Ẹ̀rọ Géèmù Tí Kò Mọ Àná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Mo mọ̀ pé ó lè ya àwọn olùkọ́ wa lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ géèmù ni mo fi òwe yìí ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá. Kí wọ́n fi orí jì mí. Àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ìgbé wa ní sáà tí ó kọjá ni ó sún mi dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Físíìsì, dìde dúró ní àárín yàrá, ó ní ohun kan ṣoṣo tí a fi ń mọ ẹ̀rọ géèmù tí ó dára ni agbára, èyí ni iye ìṣirò tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà lè ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ń béèrè bóyá ẹ̀rọ tuntun lè gba géèmù tí òun ti rà tẹ́lẹ̀, arúgbó ni, kí ó lọ jókòó ti ọpọ́n ayò. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi ni ó ń bá wí. N kò rí èsì gidi fọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nítorí ariwo, ṣùgbọ́n lórí ìwé, kò sí ẹni tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Kí a lè jọ máa rìn ní ojú ọ̀nà kan náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí rí. Àpótí kan ni, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn, tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì tàbí àwo bọ̀, tí a sì ń fi páàdì darí ohun tí ó bá jáde lójú rẹ̀. Ní bí ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ síra, àwọn tí ó ń ṣe é a máa gbé òmíràn jáde. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àwo géèmù kì í ṣe àwòrán àti ohùn nìkan; àṣẹ ni ó kún inú rẹ̀, ọpọlọ ẹ̀rọ kan pàtó ni a sì kọ àwọn àṣẹ náà sí, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹnà tí ọ̀rẹ́ náà nìkan gbọ́. Bí a bá yọ ọpọlọ yẹn kúrò, tí a fi òmíràn tí ó yára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, bí ó ti wù kí àlejò náà gbọ́n tó, kò gbọ́ ẹnà. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tún un ṣe. A lè fi ọpọlọ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti tuntun nínú àpótí kan náà. A lè kọ́ ti tuntun láti máa sín ti àtijọ́ jẹ. A sì lè mú ti tuntun láti inú ìran kan náà tí ti àtijọ́ ti jáde. Èkíní ń jẹ owó, èkejì ń jẹ agbára, ẹ̀kẹta a máa dí àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. N kò fi èyíkéyìí pamọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni Atari gbé ẹ̀rọ tí a wá mọ̀ sí 2600 jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1982 wọ́n gbé 5200 jáde. Ó lágbára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gba kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kankan. Ẹni tí ó ti ń ra kásẹ́ẹ̀tì fún ọdún márùn-ún wá dà bí ẹni tí ó kó kọ́kọ́rọ́ jọ sí ilé tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun àsomọ́ kan tí yóò jẹ́ kí ó gbà wọ́n, omi sì ti pọ̀ ju ọkà lọ nígbà náà. Ẹ̀rọ náà kò lò ju ọdún méjì lórí àtẹ lọ. Nígbà tí 7800 fi máa dé ọjà ní 1986, wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì 2600 láìsí ohun àsomọ́ kankan.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn agbára. Kí ó wá gbọ́ ti Game Boy, ẹ̀rọ àmúsọ́wọ́ tí Nintendo gbé jáde ní Japan ní 1989. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ gidi, bí omi ewé ni ó rí. Ní ọdún kan náà ni Atari Lynx jáde, Sega Game Gear sì tẹ̀lé e ní 1990. Àwọn méjèèjì ní àwọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n sì lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé mì láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí Game Boy ń fi mẹ́rin ṣeré fún ìgbà pípẹ́. Gunpei Yokoi, ẹni pàtàkì láàárín àwọn tí ó ṣe é, gbàgbọ́ pé ohun èlò tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ni ó yẹ kí a máa fi ọgbọ́n tuntun lò. Game Boy àti àbúrò rẹ̀ aláwọ̀ ti 1998 tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Nígbà tí Game Boy Advance sì dé ní 2001, ó gba kásẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì. Ohun tí ọmọdé kan rà ní 1989 kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi di àgbà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti PlayStation 2. Ní 2000 ni Sony gbé e jáde. Wọ́n mú ọpọlọ PlayStation àkọ́kọ́, wọ́n fi sínú àpótí tuntun, wọ́n ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀: kí ó máa gba ohun tí ó ń wọlé láti páàdì, kí ó máa gbé ẹrù lọ, kí ó máa gbé ẹrù bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ki àwo àtijọ́ bọ inú rẹ̀, ọmọ-ọ̀dọ̀ yìí á dìde, á di baálé ilé, géèmù àtijọ́ á sì máa lọ bí ẹni pé ọjọ́ kò yẹ̀. Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ yẹn tà ju mílíọ̀nù 160 lọ, kò sì sí ẹ̀rọ géèmù inú ilé mìíràn tí ó tíì tà tó o. N kò sọ pé nítorí àwo àtijọ́ nìkan ni. Ó ń fi fíìmù DVD hàn pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ilé sì rà á nítorí ìyẹn.

Kí ni àwọn kan náà wá ṣe lẹ́yìn èyí? Ní 2006 wọ́n gbé PlayStation 3 jáde pẹ̀lú ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Cell. Agbára rẹ̀ ni wọ́n fi polówó rẹ̀ kárí ayé. Àjèjì ọpọlọ ni, tí kò jọ ìyá, tí kò jọ bàbá, àwọn tí ó ń kọ géèmù sì jìyà kí wọ́n tó mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ 499 dọ́là tàbí 599 dọ́là. Àwọn àkọ́jáde rẹ̀ ní ọpọlọ PlayStation 2 nínú. Nígbà tí owó fún wọn lọ́rùn, ta ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde? Àgbàlagbà náà ni. Nígbà tí 2007 fi máa parí, wọ́n ti ń ta èyí tí kò gba àwo PlayStation 2 rárá. Ní ọdún 2006 kan náà ni Wii ti Nintendo jáde. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Cell, owó rẹ̀ kò pé 250 dọ́là, ó sì ń gba àwo GameCube tí ó ṣáájú rẹ̀. Wii tà ju mílíọ̀nù 101 lọ. PlayStation 3 kò dé 90.

Ìyà ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí PlayStation 4 dé ní 2013, ìran ọpọlọ mìíràn pátápátá ni wọ́n lò, nítorí náà kò lè ka àwo PlayStation 3 kan ṣoṣo. Agbára àjèjì tí wọ́n fi yangàn ní 2006 ni ó sọ àwọn géèmù rẹ̀ di ọmọ òrukàn ní ọdún méje péré lẹ́yìn náà. Kí ọ̀rẹ́ mi dáhùn èyí.

Mo mọ ohun tí yóò sọ. Yóò ní PlayStation 4 tí kò ka àwo àtijọ́ tà ju mílíọ̀nù 117 lọ, àti pé Switch ti 2017, tí kò gba ohunkóhun tí ó ṣáájú rẹ̀, ti kọjá mílíọ̀nù 150. Òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé iye tí ó tà ni a fi ń mọ ẹni tí ó jàre, mo ti jẹ̀bi. Mo tilẹ̀ gbà pé ìgbà kan wà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ já okùn. Ẹ̀rọ àmúsọ́wọ́ tí a tún ń so mọ́ tẹlifíṣàn, bíi Switch, kò ní ibi tí yóò ki àwo Wii U sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra oúnjẹ tuntun nítorí pé ebi ń pa á kò sọ pé kí wọ́n da ti àná nù. Ìbéèrè mi ni pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ti àná?

Ní 2023, àjọ kan tí ó ń jẹ́ Video Game History Foundation gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú 100 géèmù tí ó jáde ní ilẹ̀ náà kí ọdún 2010 tó dé, 87 ni kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ń tà á mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni Nintendo ti ìsọ̀ orí ẹ̀rọ Wii U àti 3DS pa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ti rà níbẹ̀, kò lè rà á níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó wà nínú ìwọ̀nyí: ìtàn, orin, àwòrán, ọgbọ́n àrékérekè ti ẹni tí ó fẹ́ kí o ronú kí o tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé wa. A tún àkọtọ́ wa ṣe, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1974. “Aiye” di “ayé,” “enia” di “ènìyàn,” “nwọn” di “wọ́n,” “ẹiyẹ” di “ẹyẹ.” Ìdàgbàsókè ni, kò sì sí olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní àkọtọ́ àtijọ́. Síbẹ̀, ẹ bọ́ sí ilé-ìkàwé, kí ẹ mú ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1950. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní tí kò mọ̀ ju àkọtọ́ òde òní lọ yóò kà á, yóò ta kókó díẹ̀, yóò sì máa lọ. Àwọn àgbà tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ pé ìwé ń bẹ lẹ́yìn àwọn. Ká ní wọ́n ti gbé àkọtọ́ kan kalẹ̀ tí yóò mú kí gbogbo ojú ewé tí a ti tẹ̀ ṣáájú di òfìfo, ta ni ì bá kí wọn kú iṣẹ́?

Ní ìlú wa, ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan. Àwọn ọmọ ń san owó lórí eré kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Ó kó àwo jọ fún ọdún mẹ́fà, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú, ó tọ́jú owó, ó ra èyí tí ó jẹ́ tuntun sí i, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ki àwo bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń pọ̀ ọ́ padà bí ọmọ tí kò fẹ́ àgúnmu. Àwo tí ó lé ní ogójì, kò gba ọ̀kan. Ẹni tí ó ní owó ní ìlú òkè òkun lè fi méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì kan. Ẹni tí ó jẹ́ pé ọ̀kan ni agbára rẹ̀ ká, èwo ni kí ó ṣe? Ẹ má sì sọ fún mi pé kí ó fa géèmù náà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà ń ra dátà. PlayStation 5 Pro tí ó jáde ní 2024 kò tilẹ̀ ní ibi tí a ń ki àwo sí. Ẹni tí ó ní àwo lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ra ẹnu fún ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni pé àwáwí ti tán. Wọ́n ti máa ń sọ pé ẹni tí ó bá ru ẹrù àná kò lè sáré. Microsoft ti fi hàn pé irọ́ ni. Ní 2015 ni wọ́n kọ́ Xbox One láti máa sín Xbox 360 jẹ. Ní 2017 wọ́n fi àwọn géèmù kan láti Xbox àkọ́kọ́ ti 2001 kún un. Xbox Series X ti 2020 ń ṣe ìṣirò tírílíọ̀nù 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju ti PlayStation 5 lọ tí ó lé díẹ̀ ní 10, òun náà ni ó sì gba géèmù ìran mẹ́rin, tí òmíràn nínú wọn ń dán ju bí ó ti ń dán ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Agbára yẹn gan-an ni ó ń fún un ní ọ̀nà láti sín àtijọ́ jẹ. Nígbà tí wọ́n fi 76 ìkẹyìn kún un ní oṣù kọkànlá 2021, tí wọ́n ní ó parí, ìwé àṣẹ àti òfin ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, kí wọ́n tó kan ìmọ̀ ẹ̀rọ. PlayStation 5 fúnra rẹ̀ ń gba géèmù PlayStation 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo. Switch 2 ti 2025 ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti Switch. Nítorí náà, wọ́n lè ṣe é. Nígbà tí wọn kò bá ṣe é, wọn kò fẹ́ ṣe é ni, nítorí pé ẹni tí àwo rẹ̀ kú lè tún san owó fún géèmù kan náà ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Àwo ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Ó wá ra òkú ẹ̀rọ àtijọ́ kan lọ́wọ́ oníkòròfo, alágbàṣe kan ní ọjà sì ti jí i dìde. Mo ti bẹ̀ ẹ́, yóò yá mi. Ní Sátidé tí a bá wọlé sáà tuntun, bí iná bá wà, kí ọ̀rẹ́ mi ti ẹ̀ka Físíìsì máa bọ̀ ní yàrá mi pẹ̀lú ìṣirò tírílíọ̀nù rẹ̀. Kí ó mú páàdì kejì dání, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó bá ẹ̀rọ náà wá.