Ta Ló Yẹ Kó Kí Àlejò Nínú Gúrúùpù?

Láti Mọ́níyà títí dé Akánran, agbára káká la fi ń rí ẹgbẹ́ tí kò ní gúrúùpù lórí fóònù mọ́. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní tiwọn, àwọn tó ń ṣe gàrí ní tiwọn, ọmọ bíbí ìlú tó wà ní Èkó àti lókè òkun ní tiwọn, àwọn ọlọ́kadà náà kò gbẹ́yìn. Níbi tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ti jẹ́ ọ̀dọ́ tó mọwọ́ fóònù, kì í pẹ́ tí yóò fi gbé ẹ̀rọ adáhùn tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀tì wọlé. Ẹni tuntun wọlé, bọ́ọ̀tì kí i káàbọ̀. Ẹnìkan jáde, bọ́ọ̀tì ní ó dàbọ̀. Ìkíni yẹn ṣeé gbà bí wọ́n bá tún un ṣe. Ìdágbére yẹn ni kò yẹ kó wà nínú gúrúùpù ẹgbẹ́ kankan ní agbègbè yìí.

Kò sí awo nínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Telegram ṣílẹ̀kùn fún bọ́ọ̀tì ní oṣù kẹfà ọdún 2015: alákòóso á mú un wọlé, á kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, òun á sì máa fi orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé sí i. Ti WhatsApp yàtọ̀. WhatsApp Business, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018, ní ìkíni tó ń lọ fún oníbàárà tó kọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́ tàbí tó ti dákẹ́ fún ọjọ́ 14, ó sì ní èsì tó ń lọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ti pa. Àárín oníṣòwò àti oníbàárà nìyẹn, kì í ṣe inú gúrúùpù. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp sábà máa ń so nọ́ńbà kan mọ́ ètò mìíràn láti ìta. Ilé-iṣẹ́ náà kò fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè ti nọ́ńbà ọ̀hún pa.

Fún ọlọ́sìn adìyẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìkíni oníṣòwò yẹn dára gan-an. Ẹni tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta kéréètì ẹyin ní ààjìn òru á rí i, á tún mọ aago tí wọ́n ń ṣí, kò sì ní bínú sí ẹni tó ń sùn. Ọjà ló wá rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ẹgbẹ́ kò wá ra nǹkan kan; ó wá di ara àwọn ènìyàn ni.

Ìkíni Yorùbá a sì máa mọ ẹni tó ń kí. Àgbẹ̀ ń gbọ́ “àrokò bọ́dún dé o”, ẹni tó ń dirun ń gbọ́ “ojú gbooro”, adẹ́mu ń gbọ́ “igbà á rọ̀ o”. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní tirẹ̀, ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ní tirẹ̀, àárọ̀ kì í sì í ṣe alẹ́. Kí ni bọ́ọ̀tì rí nínú gbogbo èyí? Nọ́ńbà, àti orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sórí fóònù. Ká mú ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí ní Lálúpọn. Ọmọ rẹ̀ ló ra fóònù fún un, orúkọ ọmọ náà ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ìyá wọ gúrúùpù, bọ́ọ̀tì sì kí i lójú gbogbo ẹgbẹ́ ní orúkọ ọmọ tó bí, pẹ̀lú “káàbọ̀” lásán tí kò ní “ẹ” níwájú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ìyá náà fín. Àmọ́ wọ́n ti rí i fín.

Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe wà, ó sì ṣe pàtàkì. Òfin ẹgbẹ́ kò yí padà láti orí ẹnìkan sí èkejì: ọjọ́ tí wọ́n ń san owó àjọ, ibi tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, ẹni tó jẹ́ akápò, àti pé ẹgbẹ́ kì í bèèrè owó tàbí nọ́ńbà àṣírí báńkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní kọ̀rọ̀. Ẹni tuntun tí kò tíì mọ ohùn akápò ló rọrùn jù fún gbájúẹ̀ láti mú, nítorí náà ìkìlọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kàn án ní ìṣẹ́jú tó wọlé. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Kí akápò fúnra rẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú ẹgbẹ́ ni kò lè kàwé. Kí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ sì jẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀, ìyá ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá kí yín.” Kí ìyá ẹgbẹ́ wá ní tòótọ́.

Àwọn kan á ní gúrúùpù ti pọ̀ jù, pé WhatsApp ti gba ènìyàn 1,024 láàyè láti ọdún 2022, ta ni yóò máa kí gbogbo wọn? Èrò kì í ya wọ ẹgbẹ́ oko lọ́jọ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ẹnìkan ló sì sábà ń mú wọn wá. Láti ayé òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti ọdún 1935, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń kó ọjà wọn tà pọ̀, onígbọ̀wọ́ kì í ṣe àjèjì nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó mú àlejò wá dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kó sọ agboolé rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére ló wúwo. Bọ́ọ̀tì rò pé ẹni tó kúrò nínú gúrúùpù ló lọ, bẹ́ẹ̀ ìdí tí ènìyàn fi ń jáde pọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba ní kí wọ́n dí ọ̀nà ìpè mọ́ àwọn síìmù tí wọn kò so mọ́ NIN, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ráyè lọ forúkọ sílẹ̀ sì ní láti wá nọ́ńbà mìíràn. Àwọn kan jáde torí pé fóònù kún, àwọn kan torí pé wọ́n jẹ ẹgbẹ́ lówó, ojú sì ń tì wọ́n. Òmíràn bínú jáde, tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, á padà wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 kan náà, WhatsApp kéde pé ènìyàn á lè jáde ní ìdákẹ́jẹ́, kí alákòóso nìkan mọ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Bọ́ọ̀tì tó ń pariwo ìjáde ń tú u ká.

Ikú sì wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà kan kò bá lo WhatsApp fún nǹkan bí 120 ọjọ́, ilé-iṣẹ́ náà sábà máa ń pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, á sì jáde kúrò nínú gbogbo gúrúùpù tó wà. Olóògbé ti wọlẹ̀, wọ́n ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́, opó ti ń gbìyànjú láti padà sọ́jà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, nọ́ńbà bàbá jáde fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀tì sì kọ ọ́ síbi tí ìyàwó àtọmọ ti ń kà á: “Ó dàbọ̀! Inú wa dùn pé ẹ wà pẹ̀lú wa.” Kò sí àwáwí tó lè bo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà kò kéré. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n sọ di alákòóso lè ka ohun tí ẹgbẹ́ ń kọ, títí kan nọ́ńbà àkáǹtì àti gbèsè ẹlòmíràn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí akọ̀wé tó ń gbé bọ́ọ̀tì wọlé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pípa ìdágbére kò ṣòro. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì Telegram, ó yàtọ̀ sí ìkíni. Ọ̀kan lè kú kí èkejì wà. WhatsApp náà ń fi orúkọ àwọn tó jáde láàárín 60 ọjọ́ pa mọ́ síbi tí ẹgbẹ́ ti lè rí i. Kí akọ̀wé máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó pe ẹni tó jáde, bí kò bá sì gbé e, kí wọ́n rán ẹni tó ń gbé ìtòsí lọ sílé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé tó ń bọ̀: ẹ yan ẹni tí yóò máa kí àlejò, ẹ yan ẹni tí yóò máa bèèrè àwọn tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má dúró de ìpàdé kẹ́ ẹ tó pa ìdágbére yẹn. Ẹ pa á lónìí.