Ta ni yóò ṣe onídùúró fún ọmọ tálákà?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ sọ̀rọ̀. Télọ̀ ni mí ní Ìsọlọ̀, ó ti lé ní 30 ọdún.

Ní 2018, ọlọ́pàá kó ọmọ iṣẹ́ mi kan ní Òṣòdì lálẹ́, níbi tí mo rán an lọ. Wọ́n ní ó ń rìn gbéregbère. Bẹ́ẹ̀, láti 1989 ni ìjọba ológun ti fagi lé ẹ̀sùn yẹn! Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé kóòtù, wọ́n ti sọ ọ́ di pé ó fẹ́ da ìlú rú. Adájọ́ fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n ó ní kí onídùúró 2 wá pẹ̀lú rìsíìtì owó orí ọdún 3. N kò ní rìsíìtì. Kí n má parọ́, ẹ̀rù náà bà mí, mo sì yẹra. Oṣù 8 ni ọmọ náà lò ní Kírìkírì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ló bá a níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti kóòtù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ mí láago. Ojú tì mí. Olùkọ́ wọn tó jẹ́ lọ́yà tọ kóòtù lọ, wọ́n dín ohun tí wọ́n ń béèrè kù, èmi náà sì wá dúró fún un. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Láti 2003 ni ẹgbẹ́ NULAI ti ń ran àwọn yunifásítì lọ́wọ́ láti dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn kan ní torí máàkì ni àwọn ọmọ náà ṣe ń lọ. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé àwa tí a kò wá máàkì ti lọ rí?

Ìjọba kò ṣàì ní òfin. Òfin ọdún 2019 fún ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti kún láṣẹ láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun. Síbẹ̀, nǹkan bí 2 nínú 3 ẹlẹ́wọ̀n Nàìjíríà ni wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Láti 2023, ìpínlẹ̀ náà lè kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a gbé e fún aládàáni bíi ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbà tó tóbi kò lè ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbowó lórí ẹlẹ́wọ̀n, ṣé yóò fẹ́ kí ọgbà òun ṣófo?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wa wá orúkọ. Àwa la ó dúró. Kí ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, àwọn ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ onílé yan èèyàn 2 2 tó ń san owó orí, tí yóò máa ṣe onídùúró fún ọmọ tí a mọ̀ dájú. Kí àwọn adájọ́ náà máa wo agbára tálákà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀ nígbà kan, ó sì wọ́.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Ìsọlọ̀, Èkó.