Ìrìnàjò wa sí Abidjan: níbo ni àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ti kàwé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rìn jìnnà. A gbéra ní Titirou níbí, ní Parakou, a lọ sí Abidjan láti wo àṣekágbá AfroBasket àwọn obìnrin. Mo fẹ́ bá yín sọ ohun tí a bá bọ̀, torí ó kan ilé ìwé wa ju bó ṣe kan bọ́ọ̀lù lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà. Ó ti ga jù mí lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú BEPC ni, kọ́ọ̀ṣì CEG rẹ̀ sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ rẹ̀ mọ agbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kó tó wọ kíláàsì seconde, kó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní: "Ìwé ni mo rán an lọ kà, mi ò rán an lọ fò." Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó bá mi dé Abidjan kẹ́ẹ tó dá a lẹ́kun." Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ò lè kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ òbí. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé náà dání fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn kan ló bá ọmọ ṣe: kó kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, kó wá kà á sí òun létí.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Parakou dé Cotonou nìkan lé ní 400 kìlómítà. Lẹ́yìn náà, a kọjá ní Hillacondji bọ́ sí Tógò, a gba Aflao wọ Gánà, a sì gba Noé wọ Côte d'Ivoire. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ tò, ẹ tún wọkọ̀. Nígbà tí a fi máa dé Treichville, ẹsẹ̀ mi ti wú. Ọmọ ò rojọ́ rárá.

Orílẹ̀-èdè 12 ló díje ní Abidjan. Benin ò sí nínú wọn. Gúúsù Sudan, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn, ṣe ipò kẹta. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, Nàìjíríà na Málì, 78 sí 64. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún léra wọn nìyẹn tí àwọn D'Tigress gba ife náà: 2017, 2019, 2021, 2023, 2025. Tí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di méje.

Àwọn ará Málì pọ̀ ní Abidjan, wọ́n sì jáde. Èmi ń pariwo Nàìjíríà, nítorí èdè tó wà lẹ́nu mi. Ọmọ náà ò pariwo púpọ̀. Ó jókòó, ìwé lórí itan, ó ń kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń gbé ife, tí gbogbo èèyàn dìde, ó fà mí láṣọ, ó ní: "Tàǹtí, àwọn wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ti kàwé?"

Mi ò mọ̀. Olùkọ́ ni mí, mo ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, n kò sì ronú kan ìbéèrè yẹn rí. Alẹ́ ọjọ́ náà la jọ wá a lórí fóònù.

Ẹ wò ó. Amy Okonkwo, tí wọ́n fi ṣe ẹni tó dára jù nínú ìdíje náà ní 2023 àti 2025, lọ sí Yunifásítì USC àti TCU ní Amẹ́ríkà. Ezinne Kalu, Savannah State. Promise Amukamara, Arizona State. Kọ́ọ̀ṣì wọn, Rena Wakama, tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó kó ẹgbẹ́ gba AfroBasket àwọn obìnrin, gbá bọ́ọ̀lù ní Western Carolina. Púpọ̀ nínú wọn, yunifásítì ni bọ́ọ̀lù wọn ti gbó. Ìwé àti bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

Orúkọ kan tún wà tí mo mọ̀ pé ẹ máa dúró lé lórí: Arike Ogunbowale. Àríkẹ́, orúkọ oríkì tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, bàbá rẹ̀ ló ti Nàìjíríà wá. Ó kàwé ní Notre Dame, yunifásítì tí àlùfáà ọmọ Faransé kan dá sílẹ̀ ní 1842. Ní ọdún 2018, ní ìlú Columbus, nínú ìdíje yunifásítì àwọn obìnrin, òun ló jù bọ́ọ̀lù tó fi lé UConn lọ sílé ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, 91 sí 89. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tó jẹ́ Sọ́ńdè Àjíǹde, ó tún jù òmíràn nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, wọ́n na Mississippi State, 61 sí 58. Èèyàn kan ò kúkú lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, àbí? Ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó jù. Ní sáà yẹn, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni iṣan orúnkún já. Mẹ́rin! Níbi tiwa, tí orúnkún ọmọ bá já, tí ó sì ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, kí ló kù fún un? Níbẹ̀, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bà jẹ́ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù ló mú un wọlé, ìwé ló máa bá a jáde.

Ẹ má rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà bí i bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ló mú un wá. Ní 1972 ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX, pé ilé ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀. Àwọn ọkùnrin ti ń ṣe ìdíje yunifásítì wọn láti 1939. Ti àwọn obìnrin lábẹ́ àjọ NCAA, ọdún 1982 ló bẹ̀rẹ̀. Títí di 2021 pàápàá, ní San Antonio, ọmọbìnrin kan ya fídíò yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin: ti àwọn ọkùnrin kún fọ́fọ́, ti àwọn obìnrin jẹ́ irin kéékèèké díẹ̀ lórí àgbékọ́ kan. Fídíò náà tàn káàkiri, ojú ti àwọn aláṣẹ, wọ́n tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí South Carolina na Iowa, mílíọ̀nù 18.9 èèyàn ló wo àṣekágbá àwọn obìnrin lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 14.8. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Òfin ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn tó wá wò ló mú kó má lè tì mọ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ ká ronú dáadáa. Ife márùn-ún tí Nàìjíríà gbà yẹn dùn mọ́ wa. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia, wọ́n na Kánádà, wọ́n di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ipele mẹ́jọ tó kù nínú Olympics. Bẹ́ẹ̀, oko ta ni irè yẹn ti wá? Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, oko àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni. Ní oṣù karùn-ún 2022, ìjọba Nàìjíríà tìkára rẹ̀ yọ básíkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà kúrò nínú ìdíje àgbáyé nítorí ìjà àwọn olórí àjọ. Wọ́n yí ìpinnu náà padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n àyè àwọn obìnrin nínú ife àgbáyé ti Sydney ti bọ́. Málì ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Ní oṣù kẹjọ 2025, Ààrẹ Tinubu fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní 100,000 dọ́là. Ó dára, wọ́n tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìkórè nìyẹn. Ta ló fún wọn ní owó èso nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún ọmọ náà pé, fún àwa ará Benin, Málì tí wọ́n nà ló yẹ ká fi ojú sí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kàwé bíi tiwa. Wọn ò lówó jù wá lọ, ogun sì ti ń jà wọ́n láti 2012. Síbẹ̀, wọ́n gba AfroBasket ní 2007, wọ́n lọ sí Olympics Beijing ní 2008, àwọn ọmọbìnrin wọn tí kò tíì pé ogún ọdún sì ṣe ipò kẹrin ní gbogbo àgbáyé ní 2021. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ jọ.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín. Ní ọdún 2021 kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé e síta pé àwọn kọ́ọ̀ṣì kan ní Málì ń fi agbára bá àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń kọ́ lò pọ̀. FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ní kí wọ́n ṣe ìwádìí, ìwádìí náà sì fi hàn pé ìwà ìbàjẹ́ náà ti ta gbòǹgbò. Nítorí náà, bàbá tó bá ń bẹ̀rù kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń di ìwé àṣẹ yẹn mú fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ló ń rò. Ó kàn jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ.

Kí la lè ṣe níbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí olùkọ́.

Èkíní, ká má ṣe jẹ́ kí ọmọ yan ọ̀kan. Àwọn classes sportives tí ìjọba dá sílẹ̀ nínú àwọn CEG, ọ̀nà tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó parí sí bọ́ọ̀lù. Wákàtí kan fún iṣẹ́ àṣetiléwá kí bọ́ọ̀lù tó kan ilẹ̀, kò gba owó kankan. Pátákó dúdú kan àti olùkọ́ kan tó bá gbà láti dúró ti tó.

Èkejì, kí àgbàlagbà obìnrin kan máa wà níbẹ̀ nígbàkígbà tí àwọn ọmọbìnrin bá ń ṣe ìdánrawò, pàápàá bí wọ́n bá rìnrìn àjò. Kí ọmọ kankan má dá wọ yàrá kọ́ọ̀ṣì. Òfin wa ti ọjọ́ ogún oṣù kejìlá 2021 mú ọ̀rọ̀ ìfìyà-ìbálòpọ̀-jẹni le gan-an, ó sì dárúkọ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká kà á sí àwọn òbí létí ní èdè wọn: Baatonum, Dendi, Yorùbá. Òbí tó bá mọ òfin yóò béèrè ìbéèrè, ọmọ tó bá mọ òfin yóò sì lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá wò wọ́n. Èyí ló rọrùn jù, òun náà la kì í ṣe. Ọ̀sán Sátidé, tí àwọn ọmọkùnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò á kún. Tí àwọn ọmọbìnrin bá gbé bọ́ọ̀lù agbọ̀n, kọ́ọ̀ṣì àti ewúrẹ́ méjì ló ń wò wọ́n. Ojú òbí níbi pápá máa ń fún ọmọ lágbára, ó sì máa ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ hùwà ibi kì í fẹ́ ibi tí èrò wà.

Nígbà tí a padà dé, ọmọ ka ìwé rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ létí lóòótọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi ife. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn yunifásítì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ẹgbẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà lè ṣe: ọmọbìnrin 15 lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nínú ẹgbẹ́ kan. Mo yára sọ fún un níwájú bàbá rẹ̀ pé ẹni tó ń wá àyè yẹn pọ̀ bí eéṣú, ẹni tó ń rí i ò pọ̀. Ó ní: "Tàǹtí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ò fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí máàkì rẹ̀ bá rẹlẹ̀ sí 12 nínú 20, ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù tán. Ọmọ gbà. A ò tíì mọ ibi tó máa já sí. Sáyẹ́ǹsì seconde ò rọrùn, màtìmátíìkì ń fún un níṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, èmi náà ń jókòó tì í.

Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bàá ògiri, tó dúró bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní: "Ìwọ, kí ló dé tí fèrè fi dún yẹn? Kí ni ọmọ mi ṣe?"

Mo ṣàlàyé fáwọ̀ọ̀lù fún wọn. Wọ́n dúró títí ó fi parí.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá wà nítòsí, ẹ yà. Kò gba ìwé ìrìnnà, kò sì sí ẹnubodè kankan lọ́nà.