Iṣẹ́ wo lẹrú kọ́?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ nǹkan o! Ní July 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí tíṣà kọ́ ọmọ iléèwé pé àwọn ẹrú kọ́ iṣẹ́ tí àwọn kan nínú wọn fi ṣe ara wọn láǹfààní. Àǹfààní kẹ̀! Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n jí gbé ni?

Ẹ wo Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Lọ́dún 1860, ọkọ̀ Clotilda kó òun àti nǹkan bí 110 èèyàn lọ sí Alabama, ìtòsí Florida náà ni, bẹ́ẹ̀ òfin ti ka òwò ọ̀hún léèwọ̀ láti 1808. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira, owó tí wọ́n tu jọ ni wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó. Ọ̀gá wo ló kọ́ wọn nìyẹn?

Òfin 2022 níbẹ̀ ní kí tíṣà má di ẹ̀bi baba ńlá ru ọmọ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìyẹn dáa lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí kan pé ọmọ ogun Dahomey, èèyàn dúdú bíi tiwa, ló mú Kossola tà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé ní Florida, ẹ yẹ ìwé wọn wò, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa.