Ta Ni Ó Ń Tẹ Ànkàrá Wa Gan-an?

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Treichville tàbí ti Adjamé ní ìlú Abidjan yóò bá ànkàrá tí a tò láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Yóò sì bá ọmọ Ejìgbò láàrin àwọn tí ń tà á, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ti ìlú náà lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Bí ó bá bèèrè iye owó, òǹtajà yóò pín aṣọ náà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: Vlisco lọ́tọ̀, èyí tí owó rẹ̀ ga jù lọ, Uniwax lọ́tọ̀, Woodin àti GTP lọ́tọ̀. Òǹrajà yóò rò pé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ń bá ara wọn du ọjà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abẹ́ ilé kan ṣoṣo ni orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, ilé náà sì ni Vlisco ti ìlú Helmond ní ilẹ̀ Họ́láńdì.

Ní ọdún 1846 ni Pieter Fentener van Vlissingen dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jáfà ni àwọn oníṣẹ́ Họ́láńdì ń fara wé nígbà náà, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe é kí wọ́n lè tà á ní ẹ̀dínwó. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọjà rẹ̀ gbé fẹsẹ̀ múlẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta kò ní pẹ́ kí ó tó mòye bí wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ẹ̀kọ ṣe, kí aró má baà mu ibi tí a kò fẹ́, oje igi gbígbóná ni ẹ̀rọ fi ń ṣe é, tí rólà bàbà ń tẹ̀ ẹ́ sí ojú méjèèjì aṣọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó rì í sínú aró, a ó fọ́ oje náà kí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ bí irun orí, a ó fọ aṣọ náà, a ó sì fi àwọn àwọ̀ yòókù kún un. Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀rọ ni ó ṣàjèjì, àti orúkọ tí ó wà ní etí aṣọ.

Nígbà tí òmìnira dé, àwọn ìjọba tuntun fẹ́ kí a máa tẹ aṣọ náà nílé. Gháná dá GTP sílẹ̀ ní Tema ní 1966. Ní 1968, a dá Uniwax sílẹ̀ ní Abidjan, pẹ̀lú Vlisco àti Unilever nínú rẹ̀. Yopougon ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Àwọn kan a máa pe aṣọ Uniwax ní ayédèrú Họ́láńdì. Irọ́ ni. Ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ni ó ń tẹ̀ ẹ́, oje àti aró kan náà ni, ìpín rẹ̀ sì wà ní ọjà ìpín BRVM tí ó fi Abidjan ṣe ibùjókòó, tí ọmọ onílùú tí ó lówó lè rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpín tí ó tóbi jù kò sí ní ọwọ́ ọmọ onílùú. Vlisco ni ó ni ín. Vlisco fúnra rẹ̀ náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ olúwa: ní 2010, Actis ti Lọ́ńdọ̀nù rà á, ilé olówó tí òwò rẹ̀ jẹ́ kí ó ra ilé-iṣẹ́ kí ó sì tún un tà.

Aṣọ tí a ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní Hyde, lẹ́bàá Manchester, ni a ti ń tẹ aṣọ ABC tẹ́lẹ̀. Ìdílé Cha ti Hong Kong rà á ní 1992, wọ́n sì kó títẹ̀ rẹ̀ lọ sí Akosombo ní Gháná ní 2007. Ní ọdún kan náà ni ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná, tí í ṣe ti ìdílé kan náà, ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Kò tún ṣí títí di ìparí 2010. Ẹni tí ń fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì yangàn lónìí, aṣọ Gháná ni ó wọ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn olówó wọ̀nyí kò lè fi ẹ̀rọ ṣe. Nọ́ńbà ni aṣọ ń ní nílé-iṣẹ́. Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ní Abidjan, òkan ń jẹ́ «L'œil de ma rivale», èyíinì ni Ojú Orogún Mi. Òmíràn ń jẹ́ «Si tu sors, je sors», bí o bá jáde, èmi náà yóò jáde. (Kò sí ìyàwó ilé tí a ó ṣe àlàyé èyí fún.) Orúkọ ni ó ń ta aṣọ, síbẹ̀ ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀. Àwọn Nana Benz ti Lomé nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n rí nǹkan gidi gbà: ilé-iṣẹ́ fún wọn ní àṣẹ pé àwọn nìkan ni yóò máa ta àwọn àwòrán kan. Nígbà tí a gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní 1994, aṣọ Họ́láńdì wọ́n kọjá agbára òǹrajà, òwò wọn sì wó. Àlàfo yẹn ni ọjà Ṣáínà gbà wọlé, Hitarget àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ tijú láti da àwòrán kọ, kí ó sì da ohun tí a kọ sí etí aṣọ kọ pẹ̀lú. Èmi kò bá òǹrajà tí owó rẹ̀ kò tó wí. Òṣìṣẹ́ Yopougon ni ó ń san gbèsè náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni òwú. Ní àríwá Côte d'Ivoire, ní agbègbè Korhogo àti Boundiali, àwọn àgbẹ̀ kórè òwú tí ó lé ní 500,000 tọ́ọ̀nù ní 2021, kí kòkòrò tó ba oko jẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Díẹ̀ péré ni a ń ran tí a sì ń hun nílé. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ-aṣọ ẹkùn wa ń ra aṣọ funfun láti Éṣíà. Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú rí. Láti ayé Faransé ni ilé ìhunṣọ Gonfreville ti wà ní Bouaké. Ogun 2002, tí ó sọ ìlú náà di ibùdó ọlọ̀tẹ̀, ni ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ léṣe gidigidi. Bí ìjọba Abidjan bá fẹ́ kí ànkàrá di ti ilẹ̀ náà ní tòótọ́, Bouaké ni kí ó kọ́kọ́ ná owó sí, nítorí pé Yopougon ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.